Hítà Tí Kò Gbọdọ̀ Gbó

Àádọ́jọ yuan ni Qu Dehou san sílẹ̀ fún ìwẹ̀ mẹ́wàá ní ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn ọjà, ìwẹ̀ mẹ́rin ló sì kù lórí káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Luan Shufen, padà dé sí Benxi. Ọdún méjì gbáko ni obìnrin náà ti wà ní Hangzhou, tó ń bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ. Yìnyín bo ojú fèrèsé. Kò tíì bọ́ kóòtù tí ọkọ rẹ̀ fi gbé àwo ápù síwájú rẹ̀.

"Ìyá Xiaoning, káàbọ̀. Jókòó. Jẹ ápù."

"Ẹ ṣé, Bàbá Xiaoning. Ẹ̀gbẹ́ kan ápù yìí ti jẹrà."

"Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni. Mo ti fi ọ̀bẹ gé èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kúrò."

"Àwọn tó dára ńkọ́? Mo rí agbọ̀n kan ní bákónì bí mo ṣe ń wọlé."

"À ń tọ́jú ìyẹn."

"Di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà."

Shufen rọra gbé ápù náà padà sínú àwo. Ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀ títí.

"Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ń jò lẹ́nu yín bí omi inú apẹ̀rẹ̀? Eyín yín dà?"

"Ó wà nínú ife. Ọjọ́ ọdún ni mo máa wọ̀ ọ́."

"Eyín tí Xiaoning sanwó ẹ̀ léṣìí?"

"Òun náà ni. Lọ wò ó. Kò sí ẹni tí eyín ẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé yìí."

"Ẹ fi í jẹ nǹkan rí?"

"Ìdí tó fi funfun nìyẹn."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

"Láti àná ni mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń lọ́ra ni mo wọ̀, torí ó dínwó. Gbogbo ara ló ń yún mi. Mo fẹ́ wẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀." Dehou ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fa káàdì kan yọ. "Gbà. Ìwẹ̀ mẹ́rin ló kù lórí ẹ̀. Ìwọ méjì, èmi méjì."

"Ilé ìwẹ̀ lẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Omi ibẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń san owó iná."

"Ibẹ̀ lẹ ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀."

"Ta ló ń họ ẹ̀yìn fún yín?"

"Wọ́n ní ẹni tó ń fi aṣọ họ ẹ̀yìn fún èèyàn níbẹ̀, yuan mẹ́wàá. Mi ò san án. Èmi àti Ji Changfu tó ń gbé lókè wa la jọ ń lọ, a ń họ ẹ̀yìn fún ara wa. Ṣùgbọ́n èjìká ń dùn ún, ọwọ́ ẹ̀ kì í dé àárín. Ibì kan wà láàárín ẹ̀yìn mi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn láti ọdún méjì."

"Ẹ̀ ń tọ́jú ìyẹn náà ni."

"Kò tíì bàjẹ́."

"Bàbá Xiaoning, a ní hítà nínú balùwẹ̀."

"A ní in. Nítorí pé mò ń lọ sí ilé ìwẹ̀ la ṣe ní in."

Shufen gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ìka kan ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí mi ò ní í tún un sọ. Doudou ọmọ-ọmọ wa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi lẹ́yìn ọdún, kò sí iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Xiaoning ní, 'Màmá, tí ẹ bá délé tí ilé ò gbà yín, ẹ padà wá.' Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọjọ́ kẹfà ọdún tuntun. Ó wà nínú fóònù yìí. Tí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú ilé ara mi lónìí, n ó dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Tí mi ò bá rí omi wẹ̀, Hangzhou ni n ó ti máa wẹ̀."

"Di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ mí fún sísin."

Dehou gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò bí ẹni tó ń gbé ẹrù lórí ìwọ̀n.

"Ṣé omi Hangzhou dára tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Tí ẹ bá ṣí táàpù ilé ìdáná wọn pàápàá, omi gbígbóná ló ń jáde."

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe ní ilé ìdáná?"

"Wọ́n fi ń fọ abọ́."

"Wọ́n ń fi omi gbígbóná fọ abọ́." Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ pé àna òun ti di atatẹ́tẹ́. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́."

"Ẹ mú mi lọ síbi hítà."

Wọ́n wọ balùwẹ̀. Hítà náà wà lára ògiri lókè, ó nà gbọọrọ, aṣọ olódòdó kan bò ó láti orí dé ìdí. Irú aṣọ kan náà ló wà lára tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Dehou ká aṣọ náà sókè bí ẹni tó fẹ́ wò bóyá ọmọ ti sùn.

"Wò ó."

"Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀."

"Ọdún keje rèé. Má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan náà ni Ji Changfu ra tiẹ̀. Tiẹ̀ ti jò, ó ti ra òmíì. Kí ló fà á? Ó ń lò ó."

"Plọ́ọ̀gì ẹ̀ dà?"

"Mo fi ọ̀rá wé e, mo fi rọ́bà so ó, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ tàn án gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ tí o lọ. O wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. O pẹ́ nínú ẹ̀."

"Látìgbà náà ńkọ́?"

"Látìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń nù ún. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún o. Omi ló ń ba irin jẹ́."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ báyìí?"

"Nínú kí ni?"

"Nínú hítà, Bàbá Xiaoning."

"Omi."

"Omi ìgbà wo?"

"Omi ọjọ́ tí o lọ. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀kán kan nínú ẹ̀."

"Ṣé ọtí ni, tí ẹ fi ń jẹ́ kó pẹ́ nínú àgbá?"

"Mo ti rò ó dáadáa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ stóò ní ilé-iṣẹ́ irin. Nǹkan tí wọn ò bá gbé jáde kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba sípánà tuntun lọ́wọ́ mi, àfi kó gbé òkú ti àtijọ́ wá."

"Ilé-iṣẹ́ irin náà dà?"

"Wọ́n ti tì í pa."

"Stóò ńkọ́?"

"Ó kún. Ẹni tó wá ra àlòkù irin ní òun ò rí stóò tó kún báyẹn rí láyé òun."

Shufen fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó jáde, ó tú àpótí ẹrù rẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan. Ó fa nǹkan kan yọ nínú rẹ̀, ó ṣe róbótó, ó gùn bí ọwọ́ ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú.

"Àbẹ́là wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe àbẹ́là. Ọ̀pá irin ni, magnísíọ́mù ni wọ́n ń pè é. Irú ẹ̀ kan wà nínú hítà yín, ìyẹn tó bá ṣì wà."

"Ọdún méje ni mo ti ń nu hítà yìí. Mi ò rí ọ̀pá kankan."

"Inú ló wà. Ní Hangzhou, ẹni tó ń tún hítà ṣe máa ń wá lọ́dọọdún, èmi ni mo ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ní omi inú táǹkì, irin ló ń jẹ. Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi síbẹ̀ kó kọ́kọ́ máa jẹ, kí ẹnu ẹ̀ má bàa kan táǹkì. Tó bá jẹ ẹ́ tán tí ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀, táǹkì ló kàn."

"Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọ̀pá yìí ni kó jẹrà."

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

"Èló lo rà á?"

"Ọgbọ̀n yuan."

"Ọgbọ̀n yuan lórí nǹkan tí iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹrà. Ní stóò mi, mi ò ní í buwọ́ lù ú láé."

"Ẹ buwọ́ lu nǹkan kan rí ni?"

"Lẹ́ẹ̀kan. Ìgbálẹ̀ ni." Dehou dúró níwájú hítà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ gọ́ọ̀lù. "Ìyá Xiaoning, gbọ́. Hítà tí ẹnikẹ́ni ò lò, kí ni omi fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ọ̀pá inú ẹ̀ á ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀pá tìrẹ yìí ò tiẹ̀ lè bá a mu. Nǹkan báyẹn ní ìwọ̀n."

"Ó bá a mu. Mo pè yín lórí fóònù nínú oṣù kẹwàá, mo ní kí ẹ ka nọ́mbà ìdí hítà fún mi."

"Mo kà á."

"Ti fíríìjì lẹ kọ́kọ́ kà."

"Mo rò pé o fẹ́ tà á ni. Mo ní tó bá di dandan, kí fíríìjì lọ." Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. "Oṣù kẹwàá. Ìyẹn ni pé oṣù kẹwàá lo ti ń rò ó pé o máa padà wálé."

"Oṣù kẹwàá ni mo ti ń rò ó pé mo máa wẹ̀. Ẹ kúrò lọ́nà, kí ẹ gbé bàsíà wá."

Ó gbé bàsíà wá. Shufen ti omi tó ń wọlé pa, ó ṣí táàpù kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, ó wá ṣí ẹnu ìsàlẹ̀. Hítà náà kùn díẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

"Ó pọ́n," ni Dehou wí.

"Ó pọ́n bíi tíì."

"Tíì tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùdú."

"Ẹ gbé bàsíà kejì wá."

"Èyí ti wá dú bí ọbẹ̀ sóyà."

"Ẹ dà á nù."

"A lè fi fọ ilẹ̀."

"Ilẹ̀ tí ẹ bá fi èyí fọ̀, ẹ ó tún un fọ̀."

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló jáde gbẹ̀yìn, ó ń já bọ́ sínú bàsíà ní wọ̀ǹpàwọ̀ǹpà. Dehou fi ìka tọ́ ọ, ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ wò.

"Níbo lèyí ti wá? Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń nù ún."

"Ìta lẹ ń nù."

"Ìta ni àlejò ń rí."

"Àlejò wo ló wọ balùwẹ̀ yín láti ọdún méjì?"

"Ṣé o rí i bó ṣe mọ́."

Ó kan nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá mú. Dehou gbé ẹ̀mú àtijọ́ kan wá, ó ti rọ lẹ́nu. Shufen fi yí nọ́ọ̀tì náà, ó yọ̀. Ó tún un yí, ó tún yọ̀, ó sì ha á lọ́wọ́.

"Sípánà tí ilé-iṣẹ́ fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n tì í pa dà?"

"Ìyẹn ò tíì yí nǹkan kan rí."

"Ẹ gbé e wá."

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó gbé e dání bí ìkókó, nínú bébà olóróró, gírísì bò ó títí dé ìdí.

"Ó ti lé lógún ọdún. Wo ara ẹ̀. Kò sí ibì kan tó dógùn-ún."

"Ó dára. Ẹ mú un wá."

"Tó o bá lò ó, ara ẹ̀ á ha."

"Tí mi ò bá lò ó, Hangzhou."

Ó fún un. Ó fi ojú tẹ̀ lé sípánà náà títí tó fi di nọ́ọ̀tì mú, ó wá di ojú. Nǹkan kan dún ké.

"Ó ké."

"Nọ́ọ̀tì ló ké."

"Mo ní kó o rọra."

"Ẹ la ojú yín, kí ẹ wo ọ̀pá yín."

Dehou la ojú. Ohun tó wà lọ́wọ́ Shufen tín-ín-rín, ó wọ́, ẹ̀rún mélòó kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹran ṣe ń lẹ̀ mọ́ egungun ẹja tí ológbò ti fi sílẹ̀.

"Ọ̀pá dà?"

"Òun nìyí."

"Wáyà nìyẹn."

"Ó ku wáyà."

"Mi ò lò ó, Ìyá Xiaoning. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, mi ò lò ó. Ta ló lò ó?"

"Omi ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń tọ́jú nǹkan, omi ò mọ̀. Ó ń jẹun lọ ní tiẹ̀."

"Láìsí ẹni tó ń wẹ̀?"

"Láìsí ẹni tó ń wẹ̀. Ẹni tó bá ń wẹ̀, ó kéré tán, ara tiẹ̀ á mọ́."

Dehou wá àpótí kékeré tí wọ́n fi ń fọṣọ, ó jókòó lé e. Ó gba wáyà náà, ó gbé e sórí orúnkún.

"Táǹkì ńkọ́?"

Shufen tan tọ́ọ̀ṣì, ó yọjú wo inú ihò náà. Ó pẹ́.

"Ẹ dákẹ́."

"Mi ò sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀ ń mí."

Dehou dá èémí dúró.

"Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọ wò ni," ni Shufen wí nígbẹ̀yìn. "Kò tíì jẹ ẹ́ wọlé. Ká ní ó di àmọ́dún ni, hítà tuntun là bá máa rà."

"Ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún yuan."

"Iye ìgbà yẹn nìyẹn."

"Ọ̀pá ọgbọ̀n yuan yìí, ọdún mélòó ló ń lò?"

"Méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa ṣí i wò lọ́dọọdún."

"Ká pè é ní mẹ́ta. Yuan mẹ́wàá lọ́dún." Ojú rẹ̀ ń là bọ̀. Ìṣirò ni oúnjẹ tó máa ń dùn mọ́ ọn jù. "Yuan mẹ́wàá lọ́dún ti kéré jù. Kò tó owó ìwẹ̀ kan ní ilé ìwẹ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́.

"Èló ni ìwẹ̀ kan níbẹ̀, Bàbá Xiaoning?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ wí."

"Má bèèrè mọ́."

"Fún ọdún méjì."

"Mo ní má bèèrè mọ́."

"Mi ò bèèrè. Ètè yín ni mo rí tó ń mì."

Omi ń kán sínú bàsíà. Dehou ṣírò ó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó sì bá a níbi tó fi í sí.

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Kí hítà má bàa gbó, ẹ ti ná owó hítà."

"Ó fi igba lé."

"Ó fi igba lé. Ẹ bá mi mú tépù wá."

Láti ìgbà náà, Dehou kò tún jiyàn. Shufen fi tépù wé ọrùn ọ̀pá tuntun, ó tì í wọlé, ó fi sípánà dè é. Ọkọ rẹ̀ ti mú plọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ná, ó ti tú ọ̀rá ara rẹ̀, ó ti fi rọ́bà náà sí ọrùn ọwọ́ kó má bàa sọnù.

"Jẹ́ kí n kì í bọ iná."

"Ẹ dúró. Omi ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tí ẹ bá tan án lórí táǹkì gbígbẹ, irin tó ń mú omi gbóná á jó. Tó bá jó..."

"Hangzhou," ni Dehou wí, ó sì gbé plọ́ọ̀gì pa mọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n ń dúró. Táàpù wúkọ́, ó tutọ́ pupa, ó tún wúkọ́, lẹ́yìn náà ni omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn geere. Shufen mi orí. Dehou ki plọ́ọ̀gì bọ ojú iná. Iná kékeré kan tàn ní ìdí hítà.

"Ó pọ́n."

"Ó yẹ kó pọ́n. Tó bá gbóná tán, á di àwọ̀ ewé. Àádọ́ta ni mo gbé ìwọ̀n ooru ẹ̀ sí, ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀. Tí omi bá ń gbóná ju ìyẹn lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á máa pọ̀."

"Owó iná náà á sì dínkù."

"Á dínkù."

"Ẹni tó ń tún hítà ṣe ní Hangzhou yẹn, èèyàn gidi ni. Kí ló tún ní ká máa ṣe kó lè pẹ́?"

"Ẹ máa tú omi ẹ̀ dànù lọ́dọọdún. Ẹ máa pààrọ̀ ọ̀pá. Kí ẹ sì máa lò ó."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le."

"Ọ̀rá ara ẹ̀ náà, ẹ bó o."

"Kí ni ọ̀rá ṣe?"

Shufen ti di etí ọ̀rá náà mú. Ó dún ràá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dehou gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó lọ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì padà wá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, òun lórí àpótí, ìyàwó rẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀ tí kò tíì tú tán. Àwọn méjèèjì ń wo iná pupa.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn," ni Dehou wí. "Tí wọ́n bá dá a padà lónìí, wọn ò ní í yọ nǹkan kan nínú owó ẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á máa yọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo bi wọ́n ní ibùdókọ̀ ojú irin láàárọ̀, kí ọkọ̀ rẹ tó dé, mo wá padà wálé."

"Ní àárọ̀, mi ò tíì sọ fún yín pé mo ní tíkẹ́ẹ̀tì."

"Xiaoning ti sọ fún mi."

"Ó sọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe?"

"Ó sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò tan hítà dè mí?"

Dehou ń fa rọ́bà ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń jẹ́ kó padà.

"Mo dúró níwájú ẹ̀ lánàá. Mo tú rọ́bà. Mo wá ní, tí mo bá tàn án tó bàjẹ́ ńkọ́? Tó bá wà lára ògiri báyẹn, tí kò bàjẹ́, ó ṣì dà bíi pé o máa wá lò ó. Mo so rọ́bà padà."

Shufen wò ó, ó tún wo iná. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wá aṣọ ìnura."

"Mú èyí tó ti gbó."

"Tuntun ni n ó mú."

Nígbà tí Shufen dé, ọkọ rẹ̀ wà lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń retí àbájáde ìdánwò. Wọ́n dúró títí iná fi di àwọ̀ ewé. Dehou yọ plọ́ọ̀gì kúrò lójú iná, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ. Shufen wọlé, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú lọ́hùn-ún.

"Ó gbóná," ni ohùn Shufen wí nínú ooru. "Bàbá Xiaoning, fóònù mi wà lórí tábìlì. Ẹ lọ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ dá a padà."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tó o lọ wá aṣọ ìnura."

"Omi ò tíì gbóná nígbà yẹn."

"Kò tíì gbóná. Mo ní tí kò bá gbóná, ìwẹ̀ mẹ́rin ṣì wà lórí káàdì."

Omi ń dà. Dehou wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó tún wò ó.

"O pẹ́ nínú ẹ̀, Ìyá Xiaoning."

"Omi ṣì pọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ yín, kí ẹ wọlé."

"Ilé ìwẹ̀ jẹ mí ní gbèsè ìwẹ̀ mẹ́rin. Owó mi ti wà lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ yín. Ẹ gbé àárín ẹ̀yìn yẹn wá, kó tó di wáyà."